Igi Ọsàn Inú Ìkòkò: Bí A Ṣe Ń Ṣí I Gbìn Sí Àgbàlá, àti Ohun Tó Ń Ṣe fún Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bantè, ní Savalou àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká, èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni mo tún dé. Ọ̀rọ̀ igi la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ ti di àgbẹ̀ ni?" Ẹ ní sùúrù. Tí a bá jọ rìn ín dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ara wa náà ni.

Ìyá kan ló pè wá lórí ètò. Ó ní ó ti pé ọdún mẹ́ta tí òun ti gbin igi ọsàn sínú garawa ògbólógbòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná òun. Igi náà ń yọ ewé, àmọ́ ewé ọ̀hún ń pọ́n, kò sì so èso kan ṣoṣo rí. Ó ní: "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n gbé e sọnù ni, àbí kí n máa wò ó bẹ́ẹ̀?" Mo ní: "Ìyá, ẹ má gbé e sọnù. Kò rí ibi na ẹsẹ̀ sí ni." Mo mọ̀ pé irú garawa bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a sọ ọ́ ní gbangba.

Kí ló kan ọsàn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀?

Lọ́jọ́ tí àwọn aboyún bá wá fún àyẹ̀wò, mo máa ń fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀, mo sì máa ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ìgbà púpọ̀ ni ibẹ̀ máa ń funfun dípò kó pọ́n. Ìyá náà á ní: "Ó ń rẹ̀ mí ni, òòyì ń kọ́ mi, àyà mi sì ń lù tí mo bá ru ẹrù." Ẹ̀jẹ̀ kò tó nìyẹn. Ibà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, aràn inú máa ń mu ún, oyún tó tẹ̀lé oyún láìsinmi máa ń gbà á lára ìyá, oúnjẹ tí kò ní èròjà tó yẹ kì í sì í dá a padà. Ìdí tí mo fi ń pariwo rẹ̀ nìyí: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré kó tó rọbí, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún dà lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan náà lè dà lára ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ ti gbára dì, kó sì dìde, kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Èròjà kan wà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, irin la ń pè é. Ó wà nínú ẹran, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ẹja, ara sì máa ń tètè gba èyí. Ó wà nínú ẹ̀wà, nínú sójà àti nínú ẹ̀fọ́ wa, àmọ́ ti inú ewé àti ẹ̀wà yìí, díẹ̀ ni ara ń gbà nínú rẹ̀. Ó dà bí àlejò tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Fítámì C tó wà nínú ọsàn ló ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà tó sì fi ọsàn kan lé e, ara rẹ̀ á gba irin ju ti ẹni tó jẹ ẹ̀wà nìkan lọ. Tíì àti kọfí ní tiwọn, ṣe ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá fẹ́ mu wọ́n, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ọsàn ní agbára. Ní ọdún 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé àìsàn kan ń pa àwọn atukọ̀ tó pẹ́ lójú òkun. Èrìgì wọn ń wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn ń mì, okun sì ń tán lára wọn. Ó mú èèyàn méjìlá tí àìsàn náà ń ṣe, ó pín wọn ní méjì méjì, ó sì ń fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ohun tó yàtọ̀. Àwọn méjì tó ń jẹ ọsàn méjì àti ọsàn kíkan kan lójoojúmọ́ ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Ọjọ́ kẹfà ni ọ̀kan nínú wọn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Lind kò tíì mọ orúkọ fítámì C nígbà náà, àmọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ọsàn kò rọ́pò oògùn. Kí aboyún máa lo oògùn irin àti fólíkì tí a fún un lójoojúmọ́, kó máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kó sì lo oògùn aràn àti ti ibà bí a ṣe là á sílẹ̀ fún un. Ó tiẹ̀ dára kó fi omi ọsàn gbé oògùn irin náà mì.

A sì mọ bí ọjà ṣe rí. Nígbà tí ọsàn bá pọ̀, ó wà lórí gbogbo àtẹ. Nígbà tó bá wọ́n, ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin á ra ẹyọ kan, á gé e sí mẹ́rin fún wọn, òun fúnra rẹ̀ kò ní fẹnu kàn án. Mo ti fojú mi rí i. Ìyá ló ń jẹun kẹ́yìn, òun náà sì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń kéré jù nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí igi ọsàn kan lẹ́yìnkùlé fi kan nọ́ọ̀sì.

Kí ló dé tí kò fi so nínú ìkòkò?

Gbòǹgbò igi ọsàn fẹ́ nà lọ jìnnà. Nínú ìkòkò tàbí garawa, ó nà títí ó kan ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí ara rẹ̀ po bí okùn tí a ká. Iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó ti jẹ oúnjẹ inú rẹ̀ tán. Tí ọyẹ́ bá sì dé, iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò á gbẹ kíá ju ti ilẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí a fi bàtà ọmọ ọdún mẹ́ta sẹ́sẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ náà lè dúró, àmọ́ kò lè sáré. Ìkòkò dára fún ọdún kan tàbí méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ìgbà wo ni ká ṣí i?

Òjò ni ká máa wò. Lágbègbè wa yìí, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sì máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá. Ẹ má ṣe bá òjò àkọ́kọ́ sáré, ó lè tan èèyàn: á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, oòrùn á tún padà dé. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ilẹ̀ tutù dénú. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje ló dára jù. Igi tí a bá ṣí nígbà tí òjò ti fẹ́ lọ kò ní tíì ta gbòǹgbò tí ọyẹ́ á fi dé bá a. Ẹni tó bá sì wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, kó máa bomi rin ín nínú ìkòkò rẹ̀, kó dúró de òjò.

Tó bá jẹ́ abẹ́ òrùlé ni ìkòkò náà wà, ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Fún bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹ máa gbé e síta ní àárọ̀, kí ẹ sì máa fi kún àkókò rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ewé rẹ̀ má bàa jóná.

Ibo ni ká gbìn ín sí?

Ibi tí oòrùn ti ń pa á fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́ ni. Abẹ́ máńgò tàbí abẹ́ kajú kò dára fún un. Kó jìnnà sí ògiri ilé àti sí igi mìíràn ní bíi mítà márùn-ún, torí yóò tóbi. Kó má ṣe sún mọ́ ṣáláńgá. Kó má sì wà níbi tí omi ìwẹ̀ àti omi ọṣẹ ń ṣàn dé tí ó ń dúró sí.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dán ilẹ̀ wò. Tí ẹ bá gbẹ́ ihò tán, ẹ rọ omi kún un ní ìrọ̀lẹ́. Tí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ ga kí ẹ tó gbìn ín. Igi ọsàn ń fẹ́ omi, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun rì sínú rẹ̀. Ẹ má sì fi ihò náà sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọjọ́ púpọ̀, torí ọmọdé lè kó sínú rẹ̀, ẹ̀fọn náà á sì yé sínú omi rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ bomi rin ìkòkò dáadáa, kí iyẹ̀pẹ̀ lè di mọ́ gbòǹgbò.

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn bí ìgbọ̀nwọ́ kan àti díẹ̀. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú òkè sí ọ̀tún, kí ẹ kó ti ìsàlẹ̀ sí òsì. Iyẹ̀pẹ̀ òkè yẹn ló ní ọ̀rá. Ẹ po ó mọ́ bí agbọ̀n kan ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti màlúù tó ti jẹrà, èyí tí kò gbóná mọ́ tí kò sì rùn mọ́. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò.

Ẹ dá ìkòkò dùbúlẹ̀, ẹ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, kí igi fúnra rẹ̀ jáde. Ẹ má fà á lọ́rùn. Tó bá jẹ́ ọ̀rá dúdú ni, ẹ fi ọ̀bẹ là á. Ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó ti ká yípo, ẹ fi ìka tú u jẹ́jẹ́, kí ẹ sì gé èyí tó ti yí ìsàlẹ̀ po kúrò. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa yí po lọ nínú ilẹ̀ bíi pé inú ìkòkò ló ṣì wà.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù la dé yìí: ọrùn igi. Ẹ gbé igi sínú ihò, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú ẹnu ihò. Òkè iyẹ̀pẹ̀ tó bá igi wá láti inú ìkòkò gbọ́dọ̀ bá igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà dọ́gba, tàbí kó fi ìka méjì ga jù ú lọ, torí ilẹ̀ á ṣì rì. Tó bá jẹ́ igi tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn lẹ ra, ẹ ó rí oríkèé kan níbi ìsopọ̀ náà. Oríkèé yẹn gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀ dáadáa, kí iyẹ̀pẹ̀ má kàn án láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnì kan fún mi ní igi ọsàn tó dára. Ẹ̀rù afẹ́fẹ́ ń bà mí, ni mo bá rì í mọ́lẹ̀ jìn, mo sì kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí i lọ́rùn bí ẹni kọ ebè iṣu. Inú mi dùn, mo rò pé mo ṣe é dáadáa. Kò tó ọdún kan tí èèpo ìdí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí rà, omi pípọ́n kan tó ń lẹ̀ bí oje ń sun jáde lára rẹ̀, ewé gbogbo rẹ̀ dànù. Bàbá àgbẹ̀ kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wò ó tó ní: "Ọmọ mi, o ti fún un lọ́rùn." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Èèpo igi ọsàn kì í fẹ́ ọ̀rinrin tó ń dúró sí i lára. Tí iyẹ̀pẹ̀ tútù bá ń bò ó, àrùn á wọlé síbẹ̀, á sì jẹ ẹ́ yí ká. Ebè dára fún iṣu Savalou, kò dára fún ọsàn.

Tí igi bá ti dúró bó ṣe yẹ, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ pò yẹn yí i ká, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ rọ garawa omi kan sí i, kódà bí òjò bá ṣú. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká, kó jìnnà sí ara igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ ri ọ̀pá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi àjákù aṣọ so ó mọ́ ọn, kó má le jù.

Lẹ́yìn tí a bá gbìn ín

Tí òjò kò bá rọ̀, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló le jù fún un. Omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì dára fún un, kò di dandan kó jẹ́ omi mímu. Ẹ fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́. Tí ẹ̀ka bá yọ lábẹ́ oríkèé ìsopọ̀, ẹ ká a kúrò, ti igi ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún kìíní, tó bá yọ òdòdó, ẹ já a dànù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, àmọ́ ọmọdé kì í gbé oyún. Igi tí wọ́n so lè bẹ̀rẹ̀ sí so èso dáadáa ní ọdún kẹta tàbí kẹrin. Èyí tí a fi kóró gbìn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ó rí kòkòrò kan lórí ewé tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Ọmọ labalábá ni, ó lè jẹ ewé igi kékeré tán. Ẹ fọwọ́ ṣà á dànù. Tí iná ewé bá bò ó, ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ fọ ewé náà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi oògùn òwú fọ́n ọn. Oògùn yẹn kì í ṣe ti èso tí ọmọ ń ká jẹ, májèlé ni. Ike tí oògùn òwú ti wà nínú rẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ di ìkòkò igi ọsàn, kò gbọ́dọ̀ di ohun ìpọnmi, kò sì gbọ́dọ̀ di ohun ìgbépo. Ẹ lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, májèlé náà kì í tán nínú rẹ̀.

Ẹ dáàbò bo ara yín nídìí iṣẹ́ náà

Iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, àìsàn tí ń dì èèyàn lẹ́nu, tí ń mú ara le gan-an bí igi. Ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé. Ẹ wọ bàtà. Tí garawa, ẹ̀gún ọsàn tàbí ọkọ́ bá gé yín, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wá sí ilé ìwòsàn kí a wò ó bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Abẹ́rẹ́ tí aboyún ń gbà yẹn ń dáàbò bo ọmọ tuntun náà. Ìdí kan náà ni a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi iyẹ̀pẹ̀, ìgbẹ́ ẹran tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìdodo ọmọ tuntun. Kí ó mọ́, kí ó gbẹ, ó tán.

Garawa àti agolo tí igi ti jáde, ẹ dojú wọn dé. Tí òjò bá kún inú wọn, ẹyin tí ẹ̀fọn yé síbẹ̀ lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ tà, tàbí tí ẹ fi ń ṣe oúnjẹ, ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó jáde sínú oòrùn. Omi rẹ̀ lára pẹ̀lú oòrùn máa ń jó awọ, ó lè lé ròrò, ó sì lè fi àpá dúdú sílẹ̀. Ẹ má fi kan ojú, ẹ má sì fi kan ojú ara. Kì í fọ ibẹ̀ mọ́, ṣe ló ń dá egbò síbẹ̀, egbò sì ni àrùn ń gbà wọlé.

Nígbà tó bá so

Ẹ jẹ ẹ́ ní tútù, lẹ́yìn oúnjẹ tàbí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má sè é, iná máa ń ba fítámì C jẹ́. Ẹ gé e nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ kí eyín má bàa kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni, kò sí omi, kò sí omi ọsàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ lè fún un díẹ̀díẹ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, tí igi náà bá so, tí ẹ ká ọsàn mẹ́rin fún ọmọ mẹ́rin, ẹ ká ẹ̀karùn-ún. Tiyín nìyẹn. Ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ má gé e fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀ díẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ń padà sára. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ti funfun, tó ń mí gúlegúle, kó má dúró de igi kankan, kó wá sí ilé ìwòsàn lónìí.

Ìyá tó pè wá yẹn, mo ní kí ó jẹ́ kí òjò fìdí múlẹ̀, kí ó tó mú ọkọ́. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo sọ fún gbogbo yín. Ó dìgbà kan ná. Kí ara ó le.